Ẹ Gbé Iṣẹ́ Kúrò Nínú Yàrá: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ń Ṣe Mólò àti Gòjé Nílé

Ẹni tó ń gbẹ́ mólò, tó ń ṣe gòjé, tàbí tó ń fá awọ ìlù nínú yàrá tí òun, ìyàwó àti ọmọ ń sùn, májèlé ló ń fọ́n sórí ẹní wọn. Ọ̀rọ̀ náà le, mo sì fẹ́ kó le. Iṣẹ́ náà dára, ó sì yẹ kó rí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀. Ibi tí a ti ń ṣe é àti bí a ṣe ń ṣe é ni mo wá bá yín jà lé lórí.

Kò sí ẹni tí yóò bá ará Ìlọrin jiyàn pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í gbé agbo ilé. Ní Dada, ní Òkèlele, inú ọgbà ilé ni àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò. Òfì híhun, abẹ́ àtíbàbà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbé. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ìta ni wọ́n ti ń sun ìkòkò, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni ahunṣọ sì ń jókòó sí. Ohun tó wọ ìlú láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó yá yàrá kan ṣoṣo ní Tankẹ tàbí Gáà Àkànbí, tó ra ẹ̀rọ oníná tó ń yí pẹ̀lú sáńpépà lẹ́nu, tó ti fèrèsé pa kí ariwo má bàa dá alájọgbé láàmú, tó wá ń fá igi gbígbẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Ẹní rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì.

Ẹlòmíràn, orí fóònù ló ti rí bí Òyìnbó ṣe ń ṣe lúùtù, tí ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Lúùtù ni ohun èlò olókùn tí ilẹ̀ Yúróòpù gbà lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, tó sì gbòde níbẹ̀ láàárín 1500 sí 1600. Ní Füssen, ní gúúsù Jámánì, àwọn tó ń ṣe é ti dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1562. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra wọn di ikùn rẹ̀. Pákó ojú rẹ̀ kì í sábà nípọn ju mìlímítà méjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fá igi dé ibi tín-ín-rín yẹn yóò fá púpọ̀ dànù, ohun tó fá dànù náà sì ni ọ̀rọ̀ wa.

Mọ̀lẹ́bí lúùtù ni mólò wa. Òun ni àwọn onísákárà àtijọ́ ń ta kí gòjé, tó tọ̀dọ̀ àwọn Hausa wá, tó gba ipò rẹ̀. Gòjé yẹn náà ni ẹ ń gbọ́ nínú àwo Yusuf Olatunji, Bàbá Lẹ́gbàá, olórin sákárà. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò: pákó ni ojú lúùtù Òyìnbó, awọ ni ojú mólò àti gòjé. Ìwé tó ń kọ́ni ní lúùtù lè kìlọ̀ eruku igi fún yín, àmọ́ kò ní í ka awọ sí rárá, nítorí òǹkọ̀wé rẹ̀ ò lò ó. Ewu kan ni tiwọn. Méjì ni tiwa.

Ẹ jẹ́ ká mú igi kọ́kọ́.

High Wycombe jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń kan àga láti ọjọ́ pípẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, Dókítà Esme Hadfield, obìnrin oníṣẹ́ abẹ tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun níbẹ̀, ṣàkíyèsí pé irú jẹjẹrẹ ihò imú kan tó ṣọ̀wọ́n gidigidi ń wọlé tọ̀ ọ́ wá, àwọn kápẹ́ńtà tó ń kan àga ló sì ń gbé e wá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ronald Macbeth, Acheson àti Cowdell, gbé àbájáde wọn síta nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ní 1969, ìjọba ibẹ̀ kà á mọ́ àwọn àrùn tí iṣẹ́ ń kó báni. Ní 1995, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde láti Lyon pé eruku igi ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ìdánilójú tí wọ́n ní lórí sìgá náà ni wọ́n ní lórí rẹ̀.

Jẹjẹrẹ yìí kì í dé lọ́jọ́ kan. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ìgbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó fojú hàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ fi ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá ń sọ ọ́. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ẹni tí kò bá bẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, kó bẹ̀rù ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Arère, igi fúyẹ́ tó kún gbogbo ọjà pákó, tí owó rẹ̀ ò wọ́n, àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n mọ́ ikọ́ fée tó ń mú àwọn oníṣẹ́ igi. Eruku ìrókò ń mú ara yún, ó sì ń mú imú ṣomi. Ti mànsóníà burú jù wọ́n lọ: sísín tí kò dáwọ́ dúró, àti ẹ̀jẹ̀ láti imú. Ọmọ̀ tí àwọn agbẹ́lù fẹ́ràn pàápàá ní ohun tí awọ ara ẹlòmíràn ò lè gbà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, díẹ̀ kínún ti tó láti tún gbé e dìde.

Báwo wá ni eruku ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kó tó léwu? Ní Bìrìtìkó, òfin ò gba kí oníṣẹ́ fa ju mílígíráàmù 3 eruku igi líle sínú nínú afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ yí wákàtí iṣẹ́ mẹ́jọ ká. Ẹ jẹ́ ká fi yàrá tiwa wọ̀n ọ́n. Yàrá tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí òkè àjà rẹ̀ jẹ́ mítà 3, ìwọ̀n irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ 27 ló wà nínú rẹ̀. Mílígíráàmù 81 ló kún un dé ibi tí òfin ti ní kí wọ́n dúró. Iyọ̀ tí ìyàwó ilé fi ìka méjì bù sínú ọbẹ̀ ju ìyẹn lọ. Eruku tó bá léfòó nínú yàrá, tí gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò tó iyọ̀ ìka méjì, ti kọjá ohun tí ìjọba kan gbà fún àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́, tó máa padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yín kì í ṣe àgbàlagbà. Kò sì ní ibòmíràn tí yóò padà sí.

Èyí tí a ń rí lórí tábìlì, tí a ń fi ìgbálẹ̀ gbá, kì í ṣe òun ló burú jù. Èyí tí ojú ò rí ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Ayùn a máa ya èérún tó tóbi, ọbẹ a máa yọ ìfá gígùn tó ń já bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi sáńpépà fá igi gbígbẹ ló ń lọ̀ ọ́ kúnná títí yóò fi dà bí ohun tí kò sí níbẹ̀, tí yóò sì máa fò kiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Bí ọyẹ́ bá tún dé sí Ìlọrin, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, tí gbogbo ilé ti fèrèsé, tí ọ̀fun gbogbo ènìyàn ti gbẹ, ẹ lè fojú inú wo bí yóò ṣe rí.

Ká tó kúrò lórí igi: àwọn kan ti gbọ́ pé igi tó ti gbẹ pẹ́ ló ń dún dáadáa, òótọ́ sì ni. Wọ́n wá ń lọ gba pákó òrùlé lọ́wọ́ àwọn tó ń wó ilé àtijọ́. Oògùn ikán ni wọ́n fi ń kun pákó òrùlé, àwọn oògùn ayé àtijọ́ sì mú ju ti ìsinsìnyí lọ. Bí ẹ bá fá a, oògùn náà ni ẹ ń fá. Ẹ fi pákó òrùlé sílẹ̀.

Ó ku awọ.

Àǹtráàsì ni orúkọ àrùn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àrùn ẹran tó ń jẹ koríko ni: màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń sá pamọ́ sí, ẹran á jẹ koríko, á kó o, á kú lójijì. Nígbà tí kòkòrò náà bá rí i pé ibi kò gba òun mọ́, yóò wé èèpo líle mọ́ra, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀. Oòrùn ò pa á. Gbígbẹ ò pa á. Ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dán ohun ìjà àǹtráàsì wò lára àgùntàn ní erékùṣù Gruinard ní Scotland. Títí di 1990 ni wọ́n kò jẹ́ kí ènìyàn máa lọ síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì di ìgbà tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá sọ pé awọ tí òun rà ti gbẹ láti ọdún tó kọjá kó ronú lórí erékùṣù yẹn.

Ní oṣù kejì 2006, Vado Diomande, oníjó àti onílù ọmọ Ivory Coast tó ń gbé ní New York, ṣubú lẹ́yìn eré ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Awọ ewúrẹ́ tó kó wá láti ilé ló ti ń fá láti fi ṣe ìlù, eruku irun rẹ̀ ló sì gbé àǹtráàsì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Láti 1976 títí di ìgbà náà, irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ fi ránṣẹ́. Orí kó o yọ. Àwọn méjì mìíràn ò ríbi yẹ̀ ẹ́: ọkùnrin kan tó kú ní Scotland ní oṣù keje ọdún kan náà, òun náà sún mọ́ ìlù awọ, àti oníṣẹ́ ìlù kan tó kú ní London ní oṣù kọkànlá 2008, ẹni tó ń fi awọ ẹran ṣe ìlù.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ṣẹlẹ̀ ní Connecticut ní 2007. Ọkùnrin kan ń fá ìlù tó fi awọ ewúrẹ́ láti Guinea bò, nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Kò ṣe é nínú yàrá. Ó ṣe ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Egbò àǹtráàsì yọ sí i lápá. Kò pẹ́, ó yọ sára ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé wò, kòkòrò náà ti wọ inú ilé. Ara aṣọ, ara bàtà, ara ọwọ́ baba ló bá wọlé. Àwọn méjèèjì rí ìwòsàn, nítorí pé wọ́n tètè mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ lè sọ pé ọ̀nà jìn. Ní oṣù keje 2023, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àǹtráàsì pa ẹran ní oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́yìn tó ti jà ní àríwá Gánà ní oṣù tó ṣáájú. Ìpínlẹ̀ Niger ló bá Kwara pààlà. Afárá Jẹ́bà ni ọ̀pọ̀ màlúù àti ewúrẹ́ ń gbà wọ ọ̀dọ̀ wa.

Mo ti gbọ́ àwáwí wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn baba wa ṣe é, wọn ò kú. Ta ló ka iye àwọn tó kú? Ikọ́ ni wọ́n pè é, tàbí ayé. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ bi wọ́n bí baba ṣe ṣe é. Abẹ́ igi ni baba ń jókòó sí. Igi tútù ló sábà máa ń gbẹ́, nítorí pé ó rọ̀ fún àáké àti ọbẹ, igi tútù kì í sì yọ eruku. Awọ, inú omi ló ti ń rẹ ẹ́ kó tó fá irun rẹ̀. Baba ò mọ orúkọ kòkòrò kankan, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ dáàbò bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ oníná, kí ni ẹ rí jọ ti baba?

Àwáwí kejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, mo sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìlú Mùsùlùmí ni Ìlọrin, kò sí ẹni tí yóò jẹ òkú ńbete. Síbẹ̀, awọ òkú ńbete ń rí olùrà, nítorí ohun tí àwọn kan gbọ́ lẹ́nu àlùfáà ni pé awọ tí wọ́n bá ti pọn ti mọ́. Mímọ́ fún ìrun ni àwọn àlùfáà ń sọ, ẹ̀kọ́ wọn sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹran tó ṣubú lójijì tó kú, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde nímú, tí kì í dì, ó lè jẹ́ àǹtráàsì ló pa á. Àlùfáà kankan ò sọ pé kí ẹ lọ fá irun rẹ̀ níwájú ọmọ.

Àwáwí kẹta: «Mo wọ ìbòmú.» Ìbòmú aṣọ tó ṣẹ́kù láti ìgbà Kòrónà kì í dá eruku kúnná dúró. N95 ló ń dá a dúró, tó bá lẹ̀ mọ́ ojú pinpin. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ dá irùngbọ̀n sí, ẹ dárí jì mí, òótọ́ ni mo sọ.

Ewu mìíràn tún wà: bí a kò bá rí iná NEPA lò fún ẹ̀rọ náà, jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé e. Mo bẹ yín, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú kọ́rídọ̀, ẹ má gbé e sábẹ́ fèrèsé. Gáàsì kan nínú èéfín rẹ̀, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, ti sọ ìdílé tó sùn di ìdílé tí kò jí. Àkísà tí ẹ fi nu fáníìṣì tàbí òróró tí wọ́n fi ń dán igi, ẹ má ká a jọ sínú garawa. Òróró bẹ́ẹ̀ lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná láàárín òru. Ẹ tẹ́ ẹ sórí okùn níta kó gbẹ.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyí, kò sì sí ìdúnàádúrà nínú rẹ̀. Ẹ má fá igi tàbí awọ níbi tí ènìyàn ń sùn tàbí tí wọ́n ń dáná. Ẹ jáde sí ìta, ẹ jókòó kí atẹ́gùn ti ẹ̀yìn yín wá. Ẹni tó ń gbé ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, kó lọ bẹ kápẹ́ńtà tó ní ṣẹ́ẹ̀dì ní ojú ọ̀nà, kó máa san owó táṣẹ́rẹ́ fún un. Ẹ fi ọbẹ àti pléènì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kí sáńpépà jẹ́ ìparí, kó sì jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú omi díẹ̀. Igbá gòjé tí ẹ fẹ́ ha inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, nítorí eruku inú igbá àti kòkòrò funfun tó ń hù síbẹ̀ lè dá ibà àti ikọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fà á símú. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ ní aṣọ iṣẹ́ kan tí kì í wọlé, kí ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ.

Ẹ ra awọ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, awọ ẹran tí wọ́n pa ní odò ẹran tí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò. Awọ tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ bí ẹran náà ṣe kú, ẹ má fowó rẹ̀ ṣòfò. Bí awọ awọ́nríwọ́n bá ni ẹ fi bo gòjé, kì í kó àǹtráàsì ràn yín bíi ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, àrùn inú ń bá irú ẹranko yẹn rìn.

Bí egbò kan bá yọ sí yín lára, tí kò dùn yín, tí àárín rẹ̀ sì dúdú, tàbí tí ibà bá mú yín, tí mímí sì nira fún yín, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ fá awọ, ẹ má wá àgbo kiri. Ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá, bíi ti Yunifásítì Ìlọrin, lọ́jọ́ náà. Àǹtráàsì ń gbọ́ oògùn bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ dókítà tí kò mọ iṣẹ́ yín yóò tọ́jú ibà lásán. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu yín jẹ́: «Dókítà, awọ ni mo ń fá nílé.»